Iná Tí Kò Fẹ́ Jókòó

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Bàbá Alábẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yìí a máa ká apá aṣọ sókè níwájú rẹ̀, wọ́n rò pé dókítà ni. Abẹ́rẹ́ tiẹ̀ kò bá ara èèyàn tan rárá, ẹnu ààrò ló fi ń gún. Láti ọmọ ogún ọdún ló ti ń tún sítóòfù elépo ṣe, irú èyí tí wọ́n máa ń fún ní afẹ́fẹ́ títí yóò fi máa hó bí ẹni tí inú ń bí. Sítóòfù bẹ́ẹ̀ kò ní ju ihò tín-ín-rín kan lọ lẹ́nu, èérí epo a sì máa dí ihò náà lóòrèkóòrè. Lọ́jọ́ tó gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀, tó ti di olóògbé báyìí, pè é sí kọ̀rọ̀, ó sì fún un ní òfin méjì péré. Òfin kìíní: iná gbọ́dọ̀ jókòó sórí irin, èyí tí kò bá jókòó, a kò tíì tún un ṣe. Òfin kejì: ìgbàkígbà tó o bá fọwọ́ kan ààrò, kọ́kọ́ gún un lẹ́nu ná, kó o tó bi í léèrè ohun tó ń ṣe é.

Ó di òfin méjèèjì mú bí ẹni tó di okùn mú létí kànga. Wọ́n ní ó lè dúró lójú títì kó gbọ́ ìró sítóòfù nínú ilé kẹta, kó sì sọ pé ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ dí. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Ilé keje ni, ilẹ̀kùn sì lè wà ní títì.

Nígbà tí sítóòfù elépo ń kógbá sílé lọ, ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bàtà gbà á sí ilé ìdáná wọn, pé kó máa tọ́jú ààrò gáàsì. Ẹgbẹ̀ta òṣìṣẹ́ ló ń jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Yàrá gígùn ni ilé ìdáná náà, táìsì funfun ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ dé ibi àyà, fèrèsé mẹ́fà kọjú sí àgbàlá, ààrò mẹ́rin sì tò sáàárín. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, Ààrò Ńlá ni wọ́n ń pè é. Ìkòkò tó ń gbé orí rẹ̀ fẹ̀ débi pé bí èèyàn méjì bá wọ inú rẹ̀ láti fọ̀ ọ́, wọn ò ní rí ara wọn títí wọn yóò fi jáde. Lẹ́yìn ilé ìdáná ni ilé kékeré onírin kan wà, níbi tí àwọn sílíńdà gáàsì dúró sí, tí wọ́n fi ṣéènì so wọ́n mọ́ ògiri bí ẹran. Kọ́kọ́rọ́ ilé yẹn, ọrùn Bàbá Alábẹ́rẹ́ ló ń gbé. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti wà níbẹ̀. Bó bá ń wẹ̀, kì í bọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, máa ń sọ pé òun ò fẹ́ ọkọ kan, ọkọ kan àti kọ́kọ́rọ́ kan lòun fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tú ààrò náà palẹ̀ díẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Gáàsì a máa gba inú páìpù wá títí yóò fi kan idẹ kékeré kan tí kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Ẹnu ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Ihò kan ló wà láàárín rẹ̀, gbogbo gáàsì gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ jáde. Bó ṣe ń fi agbára jáde, á máa fa afẹ́fẹ́ wọlé láti fèrèsé kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí èèyàn lè ṣí tàbí kó tì. Àwọn méjèèjì á pò pọ̀ nínú ọ̀fun ààrò, wọ́n á wá gba ọgọ́ta ihò tó yí orí ààrò ká jáde. Ibẹ̀ ni iná ti ń jó. Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ni.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni olórí alásè ránṣẹ́ pè é. Obìnrin tó sanra, tí kì í pariwo, ni olórí alásè yìí. Bó bá ti rọra sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ìdáná á mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá bá mi wo nǹkan yìí," ló wí. "Àbí ojú mi ni?"

Bàbá Alábẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iná Ààrò Ńlá ń jó lóòótọ́, àwọ̀ aró ni, ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n kò sí lórí ààrò. Òkè ló wà. Láàárín irin àti ìdí iná, àlàfo tó tó ìka mẹ́ta wà níbẹ̀, nǹkan kan ò sì sí nínú àlàfo náà. Iná dúró sórí òfìfo bí ẹni tó jókòó láìsí àga.

Olórí alásè mú ọ̀bẹ kan, ó tì í bọ àárín àlàfo náà, ó sì fà á yọ. Ọ̀bẹ ò dúdú. Ó fọwọ́ kàn án, kò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ gbóná.

"Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Kí ni mo rí?"

Bàbá Alábẹ́rẹ́ tún tẹrí sún mọ́ ọn. Kó tó dáhùn, iná náà gbọ̀n rìrì, ó tún gbéra sókè sí i, ó ní fúù, ó sì kú. Òórùn gáàsì gba ilé. Olórí alásè yí ọwọ́ ààrò pa, ó ṣí fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì padà wá dúró níwájú rẹ̀.

"Bàbá, màá kọ ọ́ sínú ìwé ilé ìdáná. Dandan ni. Ọjọ́ Ẹtì ni alábẹ̀wò tó ń yẹ ààrò wò ń bọ̀. Tó bá rí i pé iná ń fò kúrò lórí ààrò, á ti ilé gáàsì pa lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ ọrùn yín, wọ́n á sì gbé ààrò iná mànàmáná wọlé. Ó ti wà nínú páálí ní sítọ́ọ̀."

"Ààrò iná mànàmáná?"

"Kò lẹ́nu," ni obìnrin náà wí. "Kò sí ibi tẹ́ ẹ máa gún."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára. Ọkùnrin ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Bí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, kí ló kù tí yóò máa jí fún láàárọ̀? Kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọrùn, ó sì di irin náà mú.

Ó wá ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó yọ ẹnu idẹ jáde, ó fa abẹ́rẹ́ yọ létí fìlà, ó gún ihò náà, ó yí abẹ́rẹ́ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fẹ́ ẹ, ó gbé e sójú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ yọ níbẹ̀ rekete. Ó dá a padà sáyè rẹ̀. Ó ṣáná. Iná gbéra dé ìka mẹ́rin.

"Ó tún lọ sókè sí i," ni olórí alásè wí.

"Èérí ló ṣẹ́ kù."

Ó tún gún un. Ìka mẹ́rin ààbọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti fèrèsé afẹ́fẹ́ pa. Iná sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí irin bí ọmọ ilé ìwé tó rí tíṣà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ṣùgbọ́n iná ọ̀hún ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń yọ ahọ́n, kò sì pẹ́ tí ìdí ìkòkò fi dúdú kirikiri. Olórí alásè fi ìka kan ra ìdí ìkòkò náà, ó na ìka ọ̀hún sí i lójú. Bàbá Alábẹ́rẹ́ ṣí fèrèsé afẹ́fẹ́ padà. Iná mọ́, ó sì fò. Ó lọ dín gáàsì kù. Iná jókòó, ó sì mọ́, àmọ́ omi tó wà nínú ìkòkò ńlá ò hó títí aago kan fi lù, ẹgbẹ̀ta èèyàn sì tò tàwo tàwo, òun nìkan ni gbogbo wọn ń wò.

"Bàbá," ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń gé awọ wí, "ṣé ká lọ máa jẹ bàtà ná?"

Orí rẹ̀ dàrú. Bó bá jókòó, á dọ̀tí. Bó bá mọ́, á fò. Bó bá mọ́ tó sì jókòó, kò lágbára. Irú iná wo nìyí? Ó rò pé atẹ́gùn àgbàlá ni, ó fi páálí dí fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Iná ń fò. Ó rò pé orí ààrò ló dọ̀tí, ó fi yanrìn fọ̀ ọ́ títí ó fi lè ka irun irùngbọ̀n ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Iná ń fò. Ó rò pé irin náà ló tutù jù tí iná fi ń sá fún un, ó da omi gbígbóná lé e lórí. Ìgbà yẹn ni iná ò tiẹ̀ wá gbà láti ràn rárá, àfi ìgbà tí wọ́n nù ún gbẹ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Jókòó," ló rọra wí fún iná. "Jókòó, jọ̀ọ́."

Àwọn alásè méjì tó ń bó àlùbọ́sà wo ara wọn.

"Bàbá, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ bó àlùbọ́sà yín."

Nínú gbogbo ìdààmú yìí, kò gbàgbé òfin kejì rí. Kó tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn, á kọ́kọ́ gún un lẹ́nu ná. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ó gún idẹ kékeré yẹn tó ìgbà ọgọ́rin. Ó lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún.

Lọ́jọ́rú, ìrọ̀lẹ́ kò tíì lẹ́ tán tó fi délé. Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní yàrá iwájú, tìmùtìmù àga kan tó ti fàya wà lórí itan rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì wo fìlà orí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wọn, abẹ́rẹ́ tìmùtìmù mi dà?"

"Abẹ́rẹ́ wo?"

"Èyí tó wà létí fìlà yín yẹn."

Ó ṣí fìlà wò. Òótọ́ ni.

"Mo yá a ni."

"Ẹ yá a. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ẹ yá èyí tí mo fi ń rán kóòtù. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ ti yá ti bọ́tìnnì. Ti ìṣẹ́tí aṣọ ńkọ́? Èyí tó rí bí irun orí, tí ìyá mi fi ń to ìlẹ̀kẹ̀, tó fi jíǹkí mi, òun ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń ránṣọ fún gáàsì ni?"

"Wọn ò wúlò mọ́ ni mo ṣe ń pààrọ̀ wọn."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Wọn kì í kan nǹkan mọ́. Bí mo bá tì í bọ ihò, á kàn máa mì lọ mì bọ̀. Mi ò ní mọ̀ bóyá mò ń gún nǹkan àbí mò ń gún afẹ́fẹ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni obìnrin náà wí, ó sì fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. "Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ó wá yá sísọ́ọ̀sì mi."

Ó bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Ibi tí ọkàn rẹ̀ wà, iná ló wà níbẹ̀. Ó jókòó, ó ro gbogbo ẹjọ́ iná náà fún un, ìka mẹ́ta, ìka mẹ́rin, ọ̀bẹ tí kò gbóná, àti ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró.

"Ibo ló ń lọ?"

"Ta ni?"

"Iná náà. Ẹ ní ó ń fò. Ohun tó bá ń fò, ṣebí ó yẹ kó máa lọ. Kí ló wá dé tó lọ dúró sí ìka mẹ́rin? Kí ló so ó mọ́bẹ̀?"

Ìbéèrè yìí bá Bàbá Alábẹ́rẹ́ lójijì. Láti ọjọ́ Ajé tó ti ń da ara rẹ̀ láàmú, ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni ìdí tí iná ò fi jókòó. Kò bi ara rẹ̀ rí pé kí ló dé tí kò fi kúkú lọ. Tẹ́lẹ̀, nǹkan kan ló rú u lójú. Ó ti wá di méjì.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìṣáná tán lọ́wọ́ rẹ̀. Páálí mẹ́rin ló ti ṣá tán lórí Ààrò Ńlá nìkan. Ó jáde lọ sí ìsọ̀ tó wà ní ìkángun òpópónà láti ra òmíràn. Nígbà tó máa fi padà, aago méjì ti lù, àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ ti ń jáde.

Ẹnubodè ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ méjì. Géètì ńlá wà fún ọkọ̀, wọn kì í ṣí i lásán. Ilẹ̀kùn tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀, kò fẹ̀ ju kí èèyàn méjì fi èjìká kan ara wọn kọjá. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀gọ̀rọ̀ èèyàn yẹn ń gbà jáde, wọ́n ń sáré, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ fi òun sílẹ̀. Bàbá Alábẹ́rẹ́ fẹ́ wọlé. Ó tẹrí ba, ó kó sáàárín wọn. Kò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn tí wọ́n fi gbé e padà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wọlé ni."

"Àwa fẹ́ jáde ni, Bàbá."

Wọ́n gbé e títí ó fi di nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ilẹ̀kùn. Níbẹ̀, èrò náà ti túká díẹ̀, ó ti fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ìyára wọn sì ti dín kù. Ó wá rí i pé òun lè rìn. Ó rìn. Ó ń fi gbogbo agbára rìn, wọ́n sì ń tì í, àmọ́ nígbà tó wo òpó iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òpó náà ò kúrò lójú kan. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ó kàn ń rìn níbi tó dúró sí.

Aṣọ́nà tó jókòó sórí àpótí nídìí géètì ti ń wò ó.

"Bàbá Alábẹ́rẹ́, ṣé ijó nìyẹn ni àbí ìrìn?"

"Ìrìn ni."

"Ẹ ti ń rìn tipẹ́. Kò yẹ kẹ́ ẹ ti délé báyìí?"

Nígbà tí èrò dín kù, ohun tó yà á lẹ́nu ṣẹlẹ̀. Kò fi kún agbára rẹ̀ rárá, síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwájú, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, ìṣísẹ̀ márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́rọ tú jáde láti ẹ̀yìn, wọ́n tún gbé e padà sídìí òpó iná rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni aṣọ́nà wí. "Ẹ dúró síbẹ̀ kí wọ́n tán. Ó kúkú yẹ kẹ́ ẹ dúpẹ́. Ká ní mo ṣí géètì ńlá ni, kí gbogbo wọn ya lù yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn ọ̀nà ọjà la ó ti máa wá yín."

Bàbá Alábẹ́rẹ́ dáwọ́ ìrìn dúró. Wọ́n tì í ṣubú sára òpó, kò mọ̀. Ìṣáná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kì í ṣe èrò ló ń wò mọ́.

Iná náà ò fò. Ó ń rìn ni. Ó fẹ́ wọlé. Ilé rẹ̀ ni ihò yẹn, ibi tí gáàsì ti ń jáde ló ń kọjú sí, bẹ́ẹ̀ gáàsì ń tú jáde lù ú, ó ń tì í. Lẹ́nu ihò gan-an, èrò ti le jù, kò lè dúró. Lókè díẹ̀, gáàsì ti fẹ̀, ó ti rọ̀, agbára àwọn méjèèjì wá dọ́gba, ibẹ̀ ló ń rìn lójú kan. Ìdí nìyẹn tí kò fi lọ tí kò sì bọ̀. Nígbà tó dín gáàsì kù, èrò ló dín kù, iná fi sún mọ́ ilé. Nígbà tó ṣí fèrèsé afẹ́fẹ́, ṣe ni afẹ́fẹ́ náà dara pọ̀ mọ́ èrò. Bí èrò bá wá pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, wọ́n á gbé e lọ sẹ́yìn ọ̀nà ọjà, á sì kú.

Ó dùn mọ́ ọn nínú fún bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó di ìkẹrin, ìdààmú tún dé. A jẹ́ pé èrò gáàsì ti pọ̀ sí i. Sílíńdà kan náà ni, páìpù kan náà, ààrò kan náà. Ta ló ṣí géètì ńlá?

Ó rò ó títí dé ilé ìdáná, ó rò ó títí dé ilé, kò rí ojútùú rẹ̀. Ìgbà tó jókòó sórí àga ní yàrá iwájú ni nǹkan gún un létí. Ó ṣí fìlà. Ó wo abẹ́rẹ́ náà.

"Ìyá wọn," ló pè. "Gbé àpótí irin iṣẹ́ mi yẹn wá."

Abẹ́rẹ́ àtijọ́ mẹ́rin wà nísàlẹ̀ àpótí náà, nínú agolo kékeré kan. Kì í sọ nǹkan nù. Ó tò wọ́n sórí tábìlì ìránṣọ bó ṣe lò wọ́n tẹ̀léra láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn: ti ìlẹ̀kẹ̀, ti ìṣẹ́tí, ti bọ́tìnnì, ti kóòtù. Ó fi ti tìmùtìmù ṣe ìkarùn-ún. Èyí àkọ́kọ́, tí èèyàn ò bá farabalẹ̀, kò ní rí i. Èyí tó kẹ́yìn, wọ́n lè fi dá ẹran dúró lórí iná. Ó yọ idẹ kékeré Ààrò Ńlá, tó ti tú kó tó wálé, lápò, ó ti abẹ́rẹ́ tìmùtìmù bọ ẹnu rẹ̀, ó sì wọlé láìjanpata. Idẹ rọ̀, abẹ́rẹ́ le. Ìgbà tó yí i sọ́tùn-ún tó yí i sósì, kì í ṣe èérí ló ń yọ, idẹ ni.

Ìyàwó rẹ̀ wo abẹ́rẹ́ márùn-ún, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì rọra jókòó tì í.

"Èmi ni," ló wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Abẹ́rẹ́ mi ni."

"Rárá. Èmi ni mo ṣí géètì."

Obìnrin náà ò mọ géètì tó ń sọ, ó kàn fi ọwọ́ tiẹ̀ lé ti ọkọ rẹ̀.

"Ṣé ẹni tó bà á jẹ́ ni wọ́n máa fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún?" ni ọkùnrin náà bi í.

Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn abẹ́rẹ́ náà padà sínú agolo, ó tì í sọ́dọ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn alásè tó dé, ó ti ṣí ilé gáàsì. Páálí kékeré kan wà lórí pẹpẹ níbẹ̀, erùpẹ̀ ti bò ó, wọn ò ṣí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ààrò dé. Ẹnu idẹ tuntun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń fi páálí yìí yangàn, tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ẹni tó bá mọ abẹ́rẹ́ lò kì í pààrọ̀ idẹ. Ó fi ọ̀kan sí Ààrò Ńlá. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ti ìlẹ̀kẹ̀, ló fi wò ó, kò yí i, ó kàn tì í wọ̀ ọ́ wò ni. Ó ṣe rẹ́gí. Ó yọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó ṣáná.

Iná sọ̀ kalẹ̀ wá sórí irin, àwọ̀ aró, ó mọ́, ó sì lágbára. Bàbá Alábẹ́rẹ́ ò jẹ́ súfèé lọ́tẹ̀ yìí.

Alábẹ̀wò dé ní aago mẹ́wàá. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Alábẹ́rẹ́ kó tó kúnlẹ̀ wo ààrò. Ó ti ka ohun tí olórí alásè kọ sínú ìwé. Ó wo iná títí.

"Bàbá, ó dára. Kí ló wá ṣe é tẹ́lẹ̀?"

Olórí alásè ń gé kárọ́ọ̀tì, ó dá ọ̀bẹ dúró. Ó rọrùn láti sọ pé èérí ni. Ó rọrùn láti sọ pé gáàsì tí wọ́n gbé wá kò dára. Ẹnu Bàbá Alábẹ́rẹ́ tiẹ̀ ti fẹ́ pe èérí. Ṣùgbọ́n ó rántí òórùn gáàsì yẹn lọ́jọ́ Ajé, àti bí olórí alásè ṣe ń ṣí fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan tí kò pariwo mọ́ ọn.

Ó na àtẹ́lẹwọ́. Idẹ àtijọ́ wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ tìmùtìmù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo fẹ ihò náà," ló wí. "Mi ò mọ̀. Mo rò pé mò ń nù ún ni."

Alábẹ̀wò mú idẹ náà, ó gbé e sójú fèrèsé. Ó mí kanlẹ̀.

"Àwọn ààrò mẹ́ta yòókù ńkọ́?"

"Gbogbo wọn. Wọ́n kàn ń fara dà á ni."

"Ẹ máa pààrọ̀ ẹnu wọn lónìí kí wọ́n tó dáná sí i."

"Mẹ́ta ló kù nínú páálí. Ó pé."

Ọ̀dọ́bìnrin náà kọ̀wé, ó kọ̀wé, ó sì pa ìwé náà dé. Ó ní kí ààrò gáàsì máa ṣiṣẹ́ lọ, àmọ́ kò gbọdọ̀ sí abẹ́rẹ́ kankan nínú ilé ìdáná yìí mọ́. Ní ti ẹni tí yóò máa di kọ́kọ́rọ́ mú, ọwọ́ olórí alásè lòun fi í sí, nítorí olórí alásè ló ń sún mọ́ iná lójoojúmọ́.

Olórí alásè nu ọwọ́ sí épírọ́ọ̀nù. Ó wá síwájú Bàbá Alábẹ́rẹ́, ó na ọwọ́. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sí ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn kọ́kọ́rọ́.

"Kì í ṣe ìyẹn," ni obìnrin náà wí. "Ẹ mú abẹ́rẹ́ yẹn wá."

Ó gbà á, ó gún un mọ́ àyà épírọ́ọ̀nù ara rẹ̀, ó sì padà sídìí kárọ́ọ̀tì.

"Bàbá," ni alábẹ̀wò wí, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, "ẹ wá wo nǹkan."

Bàbá Alábẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ tì í. Ọ̀dọ́bìnrin náà tọ́ka sí ìdí iná. Láàárín iná àti irin, bí èèyàn bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, àlàfo wà níbẹ̀. Kò nípọn ju èékánná lọ, ó dúdú, nǹkan kan ò sì sí nínú rẹ̀.

"Kò jókòó," ni Bàbá Alábẹ́rẹ́ wí.

"Kò jókòó rí, sà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tó bá dára."

Bàbá Alábẹ́rẹ́ dìde. Gbogbo iná tó ti tún ṣe láti ọmọ ogún ọdún, ó tò kọjá lójú rẹ̀. Ṣé ọ̀gá òun ò bẹ̀rẹ̀ wò ó rí ni? Àbí ó wò ó, kò rí i? Tí iná bá ń rìn bọ̀ wálé, tó sì ti dé ẹnu ọ̀nà, kí ló wá dé tí kò fi wọlé tán? Ọ̀rọ̀ náà tún ti rú u lójú pátápátá, ṣùgbọ́n ó ní ààrò mẹ́ta láti pààrọ̀ ẹnu wọn kí aago kan tó lù, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó to abẹ́rẹ́ mẹ́rin sórí tábìlì ìyàwó rẹ̀.

"Márùn-ún ni," ni obìnrin náà wí.

"Ìkarùn-ún wà láyà olórí alásè."

"Kí ló ń wá níbẹ̀?"

"Ó gbà á lọ́wọ́ mi."

Ìyàwó rẹ̀ mú abẹ́rẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìyá rẹ̀, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ kó rí bóyá ó ṣì tọ́.

"Iná ńkọ́? Ó ti jókòó?"

Ó ronú sí i.

"Kò jókòó o. Ó kàn ti wálé díẹ̀ ni."